Ọjọ́ Tí Mo Gbé Mẹkáníìkì Mi Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀

Ìyá mi kì í pariwo. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ní Èkìtì, ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n sì jẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ojú ni wọ́n fi máa ń bá ọmọ wí, kì í ṣe ẹnu. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbàgbé igbe tó jáde lẹ́nu wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nítòsí géètì bárékè Ọ̀jọ́, nígbà tí ọkọ̀ mi wọ inú gálọ́ọ̀pù kan tí kò jìn ju abọ́ ìfọwọ́ lọ. Mo ti ń rọra lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń yára jù wá lọ. Síbẹ̀, bí táyà ẹ̀yìn ṣe bọ́ sínú ihò yẹn, gbogbo ara ọkọ̀ dún gbàà, bí ìgbà téèyàn ju àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyá mi sì figbe ta.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ilé wọn, tí eegun ìbàdí wọn kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fi irin de eegun náà pọ̀, èmi sì lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀ ara mi ní Ìbà. Olùkọ́ lèmi náà, ní yunifásítì tó wà ládùúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù kan lápá Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìrìn padà bí ọmọ ọdún kan. Dókítà wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́ fún mi. Ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kí ara wọn máa jà nínú ọkọ̀ o. Eegun yẹn kò tíì mọ́ra."

Ọkọ̀ mi kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú. Bó bá gun òkúta kékeré, á fò sókè fò sódò bí ìgbà mẹ́rin, márùn-ún, kó tó fara balẹ̀. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi ní Okokomaiko. Ọmọ ìlú wa ni. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń tún ọkọ̀ mi ṣe, Àǹtí Tíṣà ló sì ń pè mí. Èmi náà kì í pè é ní "ìwọ", bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi bí ọdún mẹ́wàá dàgbà jù ú lọ. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" ni mo máa ń sọ fún un, torí mo gbà pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ lẹ́ni tá à ń bọ̀wọ̀ fún.

Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe jẹ́ fún un. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Àǹtí Tíṣà, ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti kú. Sípíríǹgì ẹ̀yìn náà ti rẹ̀."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí olùkọ́ gidi. Ó ní sípíríǹgì ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, òun ló ń jẹ́ kó wọlẹ̀ kó sì tún gbéra nígbà tí táyà bá wọ ihò. Ṣọ́ọ̀kù, irin gbọọrọ tó ní òróró nínú, ló ń di sípíríǹgì náà mú kó má baà máa ta bí bọ́ọ̀lù. Tí sípíríǹgì bá le jù, ọkọ̀ á máa gbá èèyàn. Tí ṣọ́ọ̀kù bá kú, á máa fi èèyàn ṣeré. Mo gbádùn àlàyé náà. Mo tilẹ̀ rò ó pé màá fi ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan.

Èmi fúnra mi ni mo lọ ra ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin àti sípíríǹgì méjì, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tuntun nínú páálí. Mo sì ní àṣà kan láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé tá à ń gbé inú rẹ̀: ohunkóhun tó bá jẹ́ tèmi, mo máa ń kán kúútẹ̀sì pupa tí mo fi ń kun èékánná sí i lábẹ́. Abọ́, agboòrùn, áyọ́ọ̀nù, kò sí èyí tí kò ní àmì pupa lára nínú ilé mi. Mi ò fura sí ẹnikẹ́ni nígbà tí mo kán an sára àwọn irin wọ̀nyẹn. Àṣà lásán ni.

Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì náà wá gba ọkọ̀ àti àwọn irin tuntun náà, ó wọlé láti kí ìyá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọsàn kalẹ̀, ó ń fi èdè Èkìtì bá wọn sọ̀rọ̀. Inú ìyá mi dùn débi pé wọ́n gbàdúrà fún un, fún ìyàwó rẹ̀, fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí mo ṣe máa ṣe ọkọ̀ yìí fún yín, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì." Mo ti ro gbólóhùn yẹn láròtúnrò láti ìgbà náà. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ kejì ló gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ náà ga sókè lẹ́yìn, ó dúró ṣánṣán, ó wu èèyàn wò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà á dé ojú ọ̀nà, ó le koránkorán. Kò fò mọ́ bíi tàtijọ́. Ó kàn ń gbá èèyàn nídìí ni, bí ẹni jókòó sórí pákó. Mo pè é lórí fóònù.

"Tuntun ni, Àǹtí Tíṣà," ó ní. "Ó máa le díẹ̀ ná. Bí bàtà tuntun ni. Á rọ̀ tó bá yá."

Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ yunifásítì pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ láìwádìí, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko dúró de kí irin rọ̀ bí awọ bàtà. Mo tẹ́ ìrọ̀rí méjì sábẹ́ ìyá mi. Wọ́n á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n á di eyín pọ̀. Tá a bá délé, wọ́n á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, tá à ń bọ̀, títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n figbe ta.

Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ojú ìyá mi ti funfun, òógùn bò wọ́n. Bàbá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ igi nítòsí géètì dìde wá bá wa. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà tantan. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó bá mi gbé ẹsẹ̀ wọn sí bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé búùtù, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kò mì.

"Ta ló ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí fún ọ?"

"Mẹkáníìkì mi ni, Bàbá. Tuntun ni gbogbo rẹ̀."

Ó wò mí títí. "Gbé ìyá ẹ lọ sí ọsibítù. Tí o bá ráyè, padà wá. Mo máa ń wà níbí."

Ọ̀kan nínú ìdè irin tí wọ́n fi mú eegun ìyá mi ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ẹ́síréè fi hàn kedere, kódà ojú èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa eegun rí i. Dókítà ní àwọn ní láti tún la ìyá mi. Gbogbo ìrìn tí wọ́n ti kọ́, gbogbo ìrora oṣù mẹ́rin, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tẹ́tí gbọ́ dókítà tán, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun," wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kejì ni mo padà sọ́dọ̀ bàbá náà. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́. Mọ́tò ló ń tún ṣe fún wọn ní gbogbo ìgbà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó fi bulọ́ọ̀kù tì í, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó ní kí èmi náà dùbúlẹ̀.

"Má wo aṣọ ẹ. Wo ibí yìí."

Mo wò ó. Wọ́n gé táyà àlòkù sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi há àárín sípíríǹgì mi àtijọ́, kó lè ga bíi tuntun. Àwọn ṣọ́ọ̀kù náà kì í ṣe èyí tí mo rà. Àwókù irin kan ni, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ẹnì kan ti lu ihò sí i, ó da ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, ó jó o padà pẹ̀lú iná wẹ́dà, ó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún.

"Ọkọ̀ tó rí báyìí," bàbá náà ní, "kò ní sípíríǹgì, kò ní ṣọ́ọ̀kù. Ibi tó yẹ kó wọlẹ̀, rọ́bà ò jẹ́ kó wọlẹ̀. Gbogbo ohun tó bá gbá táyà, ìdí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló ń lọ tààrà."

Mo wá àmì pupa kiri lára irin wọ̀nyẹn títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò sí. Mi ò sunkún. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo rọ́bà táyà tó há sí àárín irin, mo ń rántí eyín ìyá mi tí wọ́n ń dì pọ̀, nǹkan kan sì tutù nínú mi bí omi kànga.

"Ṣé kí n yọ ọ́?" bàbá béèrè.

"Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó tún wò mí, ó mi orí. Mo rò pé ó ti mọ irú ojú tí mo ní lọ́jọ́ yẹn.

Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹrù mi wà. Mo lọ kí mẹkáníìkì náà ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó kàn ń kọjá. Ọkọ̀ tirẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà ọparun tí wọ́n na tapólì bò, ó ń bá oníbàárà kan ṣàwàdà, ó fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ náà. "Wò ó, èyí tí mo ń gùn yìí, bíi pé èèyàn dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù ni." Mo jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo rí àmì pupa mi lábẹ́ ibẹ̀, ó ń dán wò mí bí ojú. Mo dìde, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Kò tà á o. Ká ní ó tà á ni, bóyá inú ì bá bí mi mọ níwọ̀n. Abẹ́ ara rẹ̀ ló kó o sí. Ìtura ìyá mi ló fi ń gbé ìdí rẹ̀ kiri Okokomaiko.

Mo sọ fún ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Mi ò fẹ́ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú mi, wọ́n ní kí n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan pamọ́. Wọ́n pa ojú dé. Wọ́n wá ní, "Ọsàn tó kó wá ọjọ́ yẹn, kíkan ni."

"Màmá, màá fi ọlọ́pàá mú un."

"Fún kí ni? Kí ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, kó sùn?" Wọ́n ṣí ojú. Ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ ilé ìwé tó ṣe àṣìṣe ni. "Jẹ́ kó jókòó síbi tí mo jókòó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti yí lọ́ọ̀kù àwọn ọmọdé tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn lè ṣí i láti inú. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe kò dára. Mo ṣe é.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Tíṣà! Màmá ńkọ́? Ṣé ara wọn ti ń mókun?"

"A dúpẹ́. Ọkọ̀ yìí ń dún lẹ́yìn, mi ò mọ ibi tó ti ń dún. Tí mo bá ń wà á, mi ò lè gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ bá mi jókòó sẹ́yìn, ká jọ lọ, kẹ́ ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ."

Ó wọlé. Ó jókòó sápá ọ̀tún, ibi tí ìyá mi máa ń jókòó gan-an. Mo gba ọ̀nà Ìyànà Ìbà, mo rọra ń lọ, à ń sọ̀rọ̀ nípa òjò àti nípa ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, mo yà sí ọ̀nà àárín àdúgbò kan ní Ìbà tí ọ̀gbàrá ti jẹ. Mo mọ gbogbo ihò ọ̀nà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń yẹra fún wọn nítorí ìyá mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń wá wọn kàn.

Èyí àkọ́kọ́ gbé e kúrò lórí àga. Èkejì gbá orí rẹ̀ mọ́ òrùlé.

"Yéè! Àǹtí, ẹ rọra!"

"Ṣé ẹ ti ń gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Ẹ tún fetí sí i dáadáa." Mo tú ìjánu sílẹ̀, mo tún wọ òmíràn. "Tuntun ni, ó máa le díẹ̀ ná. Bí bàtà tuntun ni. Á rọ̀ tó bá yá."

Mo rí ojú rẹ̀ nínú díńgí. Ó ti yé e. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bọ́ síwájú. Mo ní rárá, ibẹ̀ yẹn ni ìyá mi jókòó. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó di eyín pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, inú mi sì dùn. Mi ò ní parọ́. Inú mi dùn bí ìgbà téèyàn bu omi tútù mu lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ihò kọ̀ọ̀kan tí táyà bá wọ̀, bí ọkọ̀ bá ṣe gbá a, tó bá ṣe kérora, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi gbé ẹrù kúrò láyà. Àyà mi náà ń gbá mọ́ ọwọ́ ìdarí, ọrùn ń dun èmi náà, mi ò kọ̀.

Lẹ́yìn tí a gbá ọ̀kan tó jẹ́ pé irin dún mọ́ irin, ó kígbe pé, "Ó tó! Ọkọ̀ mi ni wọ́n wà! Ṣọ́ọ̀kù yín, ọkọ̀ mi ni wọ́n wà!"

Mo dúró. Mo yíjú sẹ́yìn.

"O mọ̀ pé eegun ìyá mi ti kán," mo ní. "O dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ mi. O gba àdúrà wọn."

Ọdún mẹ́jọ rèé, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ". Mo rí i tó gbọ́ ọ.

"Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Láti ogún ọdún ni mo ti ń sùn sórí ilẹ̀ lábẹ́ mọ́tò onímọ́tò. Tí mo bá gun ọkọ̀ mi, mi ò lè nàró tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo rí àwọn tuntun yẹn… mo ní tí owó bá wọlé, màá ra òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ fún yín. Mi ò mọ̀ pé yóò le tó bẹ́ẹ̀ fún Màmá."

"O mọ̀."

Mo gbọ́ ohun tó sọ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sì gbà pé òótọ́ ni, torí mo ti rí bó ṣe ń fọwọ́ ti ìbàdí tó bá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà tí mo lè gbà padà sí Okokomaiko, ọ̀kan ní ọ̀dà tó dán. Mo yí ọkọ̀ padà, mo sì gba inú ihò tí a gbà wá.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà mẹ́ta ló ń dúró dè é. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan wà nínú wọn. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún mẹkáníìkì náà láti ìta. Ó jáde ní títẹ̀ kòòrò, ó fọwọ́ di ìbàdí. Mo sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo sọ ohun tí mo rà, ohun tó fi sí i, ibi tó kó tèmi sí, àti iye ìgbà tí wọ́n ti la ìyá mi. Lẹ́yìn náà, mo ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Ọkùnrin náà fi jáàkì gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ irin mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti yọ ọ̀kan, mo máa ń yí i padà kí àwọn tó dúró lè rí àmì pupa. Ọ̀kan nínú wọn pòṣé. Ẹlẹgbẹ́ mi kàn wọ inú ọkọ̀ tirẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, ó sì wà á lọ. Mo kó ẹrù mi sí búùtù. Mo fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí bulọ́ọ̀kù.

Bàbá sójà ló wá ṣe ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é, mo sì wà níbẹ̀ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ju rọ́bà táyà nù, ó fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù mi sí i. Ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà kéékèèké tó ń gba irin lọ́wọ́ irin. Ṣùgbọ́n kò dè wọ́n pa lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Tí o bá dè é nígbà tó wà lókè, rọ́bà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ rárá. Kò ní pẹ́ ya." Lẹ́yìn náà, ó ní kí fọganáísà bá mi dín atẹ́gùn táyà kù sí iye tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fún un kọjá ààlà. Ó tẹ búùtù: ọkọ̀ wọlẹ̀, ó gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

Ó wá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó na ara rẹ̀ lórí àga bí aláìsàn. "Ó yá, gbé mi lọ." Mo gbé e lọ sí Ìyànà Ìbà, mo gbé e wọ inú Ìbà, mo gbé e gba orí ọ̀nà tí mo fi jẹ mẹkáníìkì níyà, díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, báwo ló ṣe rí?" Kò dáhùn. Ó ti sùn, ó ń hanrun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lè rò pé inú mi ti rọ̀ nígbà náà. Kò rọ̀. Mo bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, mo kọ́ àwọn obìnrin inú wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ búùtù wò, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n rí àti ohun tí kò yẹ. Méjì nínú wọn rí irú rọ́bà kan náà. Ṣọ́ọ̀bù Okokomaiko bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí n lè rí bó ṣe dá tó.

Ìgbà tí ìyá mi fi padà sílé, ìyàwó mẹkáníìkì náà wá bẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá mi ní kí n fún un lómi. Wọ́n mú irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn, wọ́n dìde, wọ́n rìn láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Ó gbà wọ́n lákòókò. Wọ́n rìn padà, wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyàwó, mo ti gbọ́," wọ́n ní. "Ìwọ kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Sọ fún un kó wá fúnra rẹ̀, kó wá wò ó."

Kò wá. Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbọ́ pé ó ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Àánú obìnrin yẹn ṣe mí, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi kún ẹrù rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ kò ṣe mí. Ìyá mi pàápàá, tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ara bá ń ro wọ́n, wọ́n á ní kí n tún ìtàn ọjọ́ Àbámẹ́ta náà sọ. "Báwo ló ṣe pariwo?" wọ́n á béèrè. "Ó ní yéè? Ó ní yéè ni àbí ó ní háà?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ìdánwò gbé mi lọ sí Ijanikin. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo rí mẹkáníìkì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ tapólì tuntun, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan. Obìnrin aboyún kan jókòó sórí àga oníke, ó ń fi ìwé fẹ́ ara. Mo pa ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," mo sọ fún obìnrin náà. "Ọkọ̀ yín ló ń ṣe yìí? Kí ló ń ṣe sí i?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, mà. Ó ń gbá mi jù. Wọ́n ní kò dára fún oyún."

Mẹkáníìkì náà gbọ́ ohùn mi. Ó jáde, ó dúró, kò dọ̀bálẹ̀. Ó ti gbẹ. Mo sọ fún obìnrin náà pé mo mọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ṣé kí n bá a wò ó? Ó ní kí n wò ó. Mo ká aṣọ mi sókè, mo dùbúlẹ̀ sórí àpò rẹ̀, lórí ilẹ̀ Ijanikin.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Sípíríǹgì dára. Ṣọ́ọ̀kù tuntun ni, páálí wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà ara páálí àti ti ara irin bára mu. Kò sí rọ́bà níbì kankan. Àwọn ìdè kò tíì le. Ó ń dúró kí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó dè wọ́n, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń wá àléébù. Mi ò rí i. Inú sì bí mi pé mi ò rí i.

Mo jáde, mo gbọn aṣọ. Obìnrin náà ń wò mí.

"Ó ti ṣe é dáadáa," mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kan lẹ́nu mi.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí Tíṣà. Màmá ńkọ́?"

Mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé mo rí i, pé mo wo abẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe, pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tẹ ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n ronú.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," wọ́n ní, "gbé mi lọ síbẹ̀ kí èmi náà wò ó."